JOHN BROWNING, ALÁGBẸ̀DẸ TÍ Ó MÚ KÍ ÌBỌN BÁ ỌWỌ́ MU

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Bauchi kọjá ní ìlú Jos, láti ìhà ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, kò lè ṣàì ti rí ìbọn ìléwọ́ nínú àkọ̀ rẹ̀ ní ìbàdí ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí ti ológun. Nígbà kan rí, ènìyàn a kàn wò ó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 tí rògbòdìyàn gba ìlú náà kan, tí òmíràn sì tún tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 àti ní oṣù kìíní ọdún 2010, ọ̀rọ̀ ìbọn di ohun tí àwọn baálé ilé ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ láàárín ara wọn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá ṣòwò. Èwo ni ó dára fún ẹni tí kò yìnbọn rí? Èwo ni ìyàwó ilé lè dì mú? Èwo ni kì í há lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé?

Òfin ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú òfin ohun ìjà tí a ṣe ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1959, ìsọ̀rí kan náà ni ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà. Kò sí ará ìlú tí ó gbọdọ̀ ní in láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fún un ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà ni àwọn ọlọ́pàá lè fọwọ́ sí. Nítorí náà, yíyan ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ oníṣòwò ojú ọ̀nà Bauchi rárá. Síbẹ̀síbẹ̀, ìbéèrè náà gan-an, èyíinì ni pé irú ìbọn wo ni ó bá irú ọwọ́ wo mu, jẹ́ ìbéèrè tí ọkùnrin kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí. John Moses Browning ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè Faransé àti ní èdè Rọ́ṣíà, orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ìbọn ìléwọ́, gẹ́gẹ́ bí Omo ti di orúkọ gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

ỌMỌ ILÉ ÀGBẸ̀DẸ

Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1855 ni a bí Browning ní ìlú Ogden, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà. Kò ní ṣòro fún ẹni tí ó mọ Jos láti fojú inú wo Ogden. Orí òkè ni ìlú méjèèjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sí òkun. Òtútù ń mú níbẹ̀. Ojú irin sì ni ó sọ àwọn méjèèjì di ibi tí àlejò ń wọ́ sí. Bàbá rẹ̀, Jonathan Browning, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn àti ọmọ ìjọ Mormon, ọ̀kan nínú àwọn tí inúnibíni lé kúrò ní ibùgbé wọn tí wọ́n fi la aginjù kọjá dé Utah. Ní àkókò náà, ìjọ wọn gba ọkùnrin láàyè láti fẹ́ ju aya kan lọ. Jonathan fẹ́ mẹ́ta, ó sì bí ọmọ 22. Ìyàwó rẹ̀ kejì, Elizabeth Clark, ni ìyá John. Ẹni tí ó bá dàgbà ní agbo ilé olórogún mọ̀ pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó bá ń fẹ́ kí bàbá òun rí òun gbọ́dọ̀ wà níbi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Ilé àgbẹ̀dẹ ni John wà.

Ìtàn tí ẹbí náà ń sọ ni pé, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún bíi mẹ́wàá, ó ṣa ọ̀pá ìbọn kan tí ó ti bàjẹ́ láti inú àkìtàn irin, ó so ó mọ́ igi, ó sì fi yin ẹyẹ nínú pápá pẹ̀lú Matt àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé ẹran náà wálé fún oúnjẹ òwúrọ̀. Bàbá wọn yẹ ìbọn ọ̀hún wò, kò sì yìn ín; ohun tí ó béèrè ni bóyá ọmọ tí ó ti tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lára.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe ni ó kọ́ Browning ní iṣẹ́ ju bí ìṣẹ̀dá ti kọ́ ọ lọ. Gbogbo ìbọn tí ó bàjẹ́ ní agbègbè náà ni a ń gbé wá sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀: ti àgbẹ̀, ti ọdẹ, ti arìnrìn-àjò, ti ológun. Ẹni tí ń ṣe ìbọn tuntun ń wo irin. Ẹni tí ń tún ìbọn ṣe ń wo irin, ó sì ń wo ọwọ́ tí ó ba irin náà jẹ́. Ó ń rí ibi tí ọwọ́ tí ó tóbi ti tẹ irin wọ̀, ibi tí ìka kúkúrú kò ti lè dé, ibi tí eruku ti wọlé. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá náà mọ èyí. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í san owó ìbọn kí ó tó gbé e lé èjìká wò.

Ọdún 1879 ṣe ohun púpọ̀ nínú ayé rẹ̀. Ó gbé ìyàwó ní oṣù kẹrin. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹwàá, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn gígùn kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òun àti àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ń rọ ìbọn náà ní Ogden, títí ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ Winchester fi wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá wọn ní ọdún 1883, tí ó sì fi dọ́là 8,000 ra ẹ̀tọ́ náà. Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Winchester ni ó ń ra ohun tí Browning bá ronú kàn. Ó fi ọdún méjì sílẹ̀ láàárín kan, 1887 sí 1889, láti lọ wàásù fún ìjọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia. Kò fọwọ́ kan òòlù ní gbogbo ìgbà náà.

KORÍKO TÍ Ó TẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1889, ó wà níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré ní ìta ìlú. Ó ṣàkíyèsí pé nígbàkúùgbà tí ìbọn bá dún, afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde a máa tẹ koríko iwájú lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí koríko bẹ́ẹ̀. Ohun tí Browning rí níbẹ̀ ni agbára tí ń ṣòfò. Ó ronú pé bí agbára náà bá lè tẹ koríko, yóò lè ti irin sẹ́yìn pẹ̀lú, kí ìbọn ki ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ẹni tí ń yin ṣakabùlà ní láti da ẹ̀tù sí i, kí ó ki í, kí ó fi ọta sí i, kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìbọn ìléwọ́ irú èyí tí Browning mú jáde, àpò ọta wà nínú ibi tí ọwọ́ dì mú. Bí ọta kan bá jáde, ipá rẹ̀ ni yóò ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn. Irin náà yóò tu èèpo ọta tí ó ti ṣófo dànù. Sípíríńgì yóò sì dá irin padà síwájú pẹ̀lú ọta tuntun. Ìka ènìyàn ni yóò tún fà á kí èkejì tó lọ. Èyí ni ó mú ìbọn a-ki-ara-rẹ̀ yàtọ̀ sí ìbọn arọ̀jò-ọta, èyí tí kì í dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1897 ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ mẹ́rin lórí ìbọn ìléwọ́. Ilé-iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà gba apá kan. Ní ọdún náà kan náà ni aṣojú ilé-iṣẹ́ Fabrique Nationale, tí a ń pè ní FN, wá láti Herstal lẹ́bàá ìlú Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí òun náà sì bá a dá májẹ̀mú. Láti ìgbà náà ni Browning ti di aláàárò méjì: ẹsẹ̀ kan ní Ogden, ẹsẹ̀ kan ní Liège. Nígbà tí ó yá, òun àti Winchester pín gaarí nítorí owó. Ó gbé ìbọn ọdẹ tuntun rẹ̀ lọ sí Remington ní oṣù kìíní ọdún 1902, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kú lójijì ní ọjọ́ gan-an tí Browning jókòó tí ó ń dúró láti rí i. Ó dìde, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gba Bẹ́ljíọ̀mù lọ.

ÌBỌN Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN FÚN ỌWỌ́ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

Ohun tí ó fi ọgbọ́n ọkùnrin yìí hàn jù lọ ni pé kò gbà pé ìbọn ìléwọ́ kan ṣoṣo lè tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. Èyí tí FN mú jáde ní ọdún 1900 fúyẹ́, gíráàmù 625, ọta rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 7.65, ọlọ́pàá ìgboro àti ará ìlú tí ń wọ kóòtù ni ó wà fún. Ti ọdún 1903 tóbi jù ú lọ, àwọn ológun Sweden sì gbà á. Ti ọdún 1906 kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ àpò ẹ̀wù pélébé. Kò tó 400 gíráàmù, ọta rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 6.35. Ìbọn kékeré rọrùn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí ó rọrùn láti yìn. Ọwọ́ ńlá kì í rí ibi dì mú lára rẹ̀, ojú ìfojúsùn rẹ̀ sì kúrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ pé ìbọn tí ó kéré jù ni ó yẹ obìnrin kò ronú kan èyí.

Èyí tí ó wúwo jù ni ó fi gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń jà ní erékùṣù Philippines ráhùn pé ọta ìbọn wọn kò lágbára tó láti dá ẹni tí ń bọ̀ dúró, ìjọba sì ń fẹ́ ọta tí ó nípọn tó mìlímítà 11 ó lé díẹ̀. Browning ṣe é fún wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin tún sọ pé àwọn ń fẹ́ irin ìdènà tí àtàǹpàkò lè tì, kí ìbọn má baà yìn nígbà tí ọwọ́ kan bá ń di ìjánu ẹṣin mú. Ó fi ìyẹn náà kún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1911, wọ́n yin ọta 6,000 láti inú ìbọn kan ṣoṣo. Bí ó bá gbóná jù, wọn a tì í bọ omi. Kò há lẹ́ẹ̀kan. Ti Savage tí ó ń bá a du ipò náà há nígbà 37. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni ìjọba gba ti Browning, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni M1911. Títí di ọdún 1985 ni ó fi jẹ́ ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ìbọn tí kò há ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 6,000 há mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ láti oko àti ìgboro lọ sí ogun ní ọdún 1917 àti 1918, a rí i pé àwọn tí ìka wọn kúrú kò lè nawọ́ dé irin tí ìka ń fà láìyí ìbọn padà lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì yí i padà, ọta yóò gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Òòlù ẹ̀yìn ìbọn tún ń bu àwọn tí ọwọ́ wọn lẹ́ran jẹ, ní àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka. Láti ọdún 1924 títí di 1926 ni wọ́n fi ṣe àtúnṣe. Wọ́n gé irin tí ìka ń fà kúrú. Wọ́n gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára ìbọn ní ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìka lè ráyè. Wọ́n fa ìrù irin ẹ̀yìn gùn kí ó bo awọ ọwọ́. Wọ́n sì mú kí ẹ̀yìn ìdìmú yọ síta díẹ̀ kí ìbọn má baà dorí kodò. Kò sí èyí tí ó kan ọta tàbí agbára rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìbọn tí ó yẹ ẹni, kí ó wo àtúnṣe mẹ́rin yìí: bóyá orí ìka dé ibi tí ó yẹ láìfi ipá nà án, bóyá ọrùn ọwọ́ tọ́, bóyá àtàǹpàkò rí irin ìdènà tì, bóyá ọwọ́ lè fa irin òkè sẹ́yìn. Iye ọta àti ariwo kò tí ì kàn.

ỌWỌ́ TÍ KÒ YÀN

Ìbọn ìléwọ́ ti ọdún 1910 ni Browning fi tẹ́ àwọn tí ń fi ìbọn sápò lọ́rùn jù lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń dán, kò sí ohun tí ó lè fi kọ́ aṣọ, kò sì wúwo. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1914, ní ìlú Sarajevo, ọ̀kan nínú wọn jáde láti inú àpò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gavrilo Princip, ọmọ ọdún 19. Ọta méjì péré ni ó lò. Ọ̀kan pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Austria. Èkejì pa Sophie aya rẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, Ogun Àgbáyé Kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Jámánì gba ìlú Liège ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìbọn ríṣe sì dáwọ́ dúró ní FN. Browning kò mọ Princip, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni ó rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ìbọn náà rọ ọmọdékùnrin náà lọ́rùn láti gbé gba àárín èrò kọjá.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà ní ọdún 1917, Browning gbé ìbọn arọ̀jò-ọta méjì fún ìjọba, ó sì gba owó tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ì bá mú wá. Val, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn ológun tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú ìbọn náà lọ sí ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ológun Faransé ń wá ìbọn ìléwọ́ tí yóò gba ọta púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ọta bá pọ̀, ìdìmú yóò nípọn, bí ìdìmú bá sì nípọn, ọwọ́ kékeré kò ní lè ká a. Dieudonné Saive, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí ń bá FN ṣiṣẹ́, ni ó ronú àpò tí ọta ti ń tò ní ìlà méjì, tí ọ̀kan ń wọ àárín ọ̀kan, kí àyè tí wọ́n gbà má baà jẹ́ ìlọ́po méjì. Browning ṣe ìbọn tí yóò gba irú àpò bẹ́ẹ̀, ó sì tọrọ ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1923.

Kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1926, ó wà ní ilé-iṣẹ́ FN, àyà rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú nínú ọ́fíìsì Val ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 71 ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ la òkun kọjá lọ sin ní Ogden. Ìwé ẹ̀tọ́ tí ó ń retí jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1927, nígbà tí ó ti di èrò ọ̀run.

Saive ni ó parí rẹ̀. Ọdún 1935 ni ìbọn náà jáde, orúkọ tí àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí jù ni Hi-Power: ọta 13, mìlímítà 9, nǹkan bíi kílò kan. Àwọn tí wọ́n ti lò ó sọ pé ìdìmú rẹ̀ yẹ ọwọ́ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Kò ṣàì ní àléébù. Àwọn Faransé ti béèrè pé kí ó má lè yìn bí a bá ti yọ àpò ọta kúrò, irin tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ yìí mú kí ìka ní láti fà á pẹ̀lú agbára díẹ̀ sí i. Irin ìdènà rẹ̀ sì wà ní apá òsì nìkan, fún àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ní láti dúró di àárín ọdún 1980 sí 1989 kí FN tó fi irin ìdènà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì tí wọ́n gba Herstal ń rọ ọ́ fún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kánádà ń rọ irú rẹ̀ kan náà ní Toronto fún àwọn tí ń bá Jámánì jà.

Ní ọdún 1964, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ohun ìjà sílẹ̀ ní Kaduna. Nínú ohun tí ó mú jáde ni ìbọn ìléwọ́ tí a ń pè ní NP1, èyí tí í ṣe Hi-Power ti Browning tí a tún rọ ní ilẹ̀ Háúsá. Ọ̀dọ́mọdé tí ó bá wọ iṣẹ́ ológun kì í lọ sí ìsọ̀ lọ yan tirẹ̀; ohun tí wọ́n bá kó jáde láti inú yàrá ohun ìjà ni yóò gbà, yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sì kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti bá ìbọn náà mu. FN fúnra rẹ̀ dáwọ́ rírọ Hi-Power ti àtijọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 2017, lẹ́yìn ọdún 82.